Àlejò Ọ̀sẹ̀ Kan Tó Di Àlejò Oṣù Mẹ́ta

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ti èlé orí owó, kì í sì í ṣe ti ìpàdé ọdọọdún. Ọ̀rọ̀ inú ilé ni, ṣùgbọ́n ó kan àpò ẹgbẹ́. Ó dá lórí ìbátan tó wá dé sọ́dọ̀ ẹni, tí kò sì tètè lè padà.

Àwa tí a wà ní Gbàgádà mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ọjà Mile 12 kò jìnnà sí wa. Ẹni tó bá kó iṣu tàbí èlùbọ́ wá láti Òkè-Ògùn, ilé àbúrò rẹ̀ níhìn-ín ni yóò sùn títí owó ọjà yóò fi pé. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní àdúgbò wa. Ẹni tó bá gbé aláìsàn wá láti ìlú òkè, ọ̀dọ̀ wa ni yóò ti máa lọ, tí yóò ti máa bọ̀. Wọ́n á ní ọjọ́ mẹ́ta ni, yóò di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A kì í sì í lé ẹbí.

Ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, ni ọ̀rọ̀ yìí wá hàn sí gbogbo wa. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, Ààrẹ Buhari bá orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀ pé láti aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ kejì, kí àwọn ará Èkó, Ògùn àti Àbújá jókòó sílé fún ọjọ́ 14. Ọjọ́ 14 pé, wọ́n tún fi 14 lé e. Ó di ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún kí wọ́n tó dẹ okùn náà. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ní ká máa jáde nílé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rìnrìn-àjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Ọjọ́ 1 oṣù Keje ni wọ́n tó gbé òfin yẹn kúrò. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹta dé ọjọ́ yẹn, ọjọ́ 93 ni. Lóòótọ́, àwọn kan sá pamọ́ sínú ọkọ̀ ẹrù, wọ́n sì kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bẹ̀rù òfin tàbí àìsàn, ṣe ló jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó wá ra ọjà fún ọ̀sẹ̀ kan ṣe di ará ilé.

Ẹ ò ní gbàgbé bí nǹkan ṣe rí. Ilé yàrá méjì, ènìyàn méje. Ẹ̀gbọ́n ń sùn ní pálọ̀, nítorí náà àwọn ọmọ kò lè tan tẹlifíṣọ̀n lálẹ́, ẹni tó bá sì tètè jí kò lè gba ibẹ̀ kọjá láìjí i. Lówùúrọ̀, wọ́n á tò sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ti pa, ariwo ọmọdé kò dákẹ́. Ìyàwó ilé tó máa ń se oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ wá ń sè é lẹ́ẹ̀mẹta, torí kò sẹ́ni tó jáde lọ jẹun níta mọ́. Ọjà oúnjẹ kì í ṣí lójoojúmọ́. Aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ni wọ́n fi sí. Gáàsì ń tán, epo jẹnẹrétọ̀ ń tán, omi tánkì ń tán. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ ṣí ibùdó ìtọ́jú oníbùsùn 118 sí Gbàgádà níbí lóṣù Karùn-ún, ẹ̀rù tún wá kún un: bí àlejò bá húkọ́ lásán, gbogbo ilé á dákẹ́.

Kì í ṣe ìgbà yẹn ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí Yorùbá. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n gba ìwé tàbí kí wọ́n máa lọ. Àwọn oníṣòwò wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò, Ìnísà, Ọ̀fà àti Ìlọrin wà nínú wọn, àwọn míì sì ti pẹ́ níbẹ̀ ju ogún ọdún lọ. Ilé ẹbí ni wọ́n padà sí. Ìjọba ló ń pàṣẹ, ilé ẹbí ló ń gba ènìyàn.

Àwọn àgbà ní ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Níbi tó ti kan ẹgbẹ́ nìyẹn. A rí ọmọ ẹgbẹ́ tó yá owó láti fi ra ọjà, tó jẹ́ pé inú ìkòkò ọbẹ̀ ni owó náà bá lọ. Àlejò ti dé ilé rẹ̀, ara ti tù ú. Onílé ṣì wà lẹ́nu àsanwó. Ìṣirò rẹ̀ kò le: bí àpò ìrẹsì kan bá tó ẹnu márùn-ún fún ọjọ́ 35, ẹnu méje yóò jẹ ẹ́ tán ní ọjọ́ 25. Ọjọ́ mẹ́wàá ti lọ, kò sì sí ẹni tó jẹ àjẹjù.

Kò kúkú dùn mọ́ àlejò náà. Owó òwò rẹ̀ há sínú ọjà tí kò lè tà. Àwọn míì ń tijú, wọ́n ń dín oúnjẹ jẹ, wọ́n ń dibọ́n pé àwọn ti yó. Onílé ń pa á mọ́ra, àlejò náà ń pa á mọ́ra, títí wọn yóò fi bínú síra wọn lórí ọṣẹ ìfọṣọ.

Kí ni àwọn ilé tí kò jà ṣe? Wọ́n tètè sọ̀rọ̀ ni. Ẹ sì mọ̀ pé nílẹ̀ wa, àbúrò kò lè sọ fún ẹ̀gbọ́n pé kó mú owó wá. Àlejò tó bá dàgbà jù ló yẹ kó kọ́kọ́ lanu. Irú ọ̀rọ̀ tí a ń wí nìyí:

“Àbúrò mi, ọ̀nà kò tíì ṣí o. Èló là ń ná lórí oúnjẹ lọ́sẹ̀?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Oúnjẹ kò tíì tán nílé.”

“Mo mọ̀. Kó má baà tán ni mo ṣe ń béèrè. Àpò èlùbọ́ mi ku méjì. Gbé ọ̀kan fún ìyàwó wa, kó fi kún un.”

Ọ̀rọ̀ tán. Bí àlejò kò bá lanu, kí onílé wá àgbà kan tí wọ́n jọ bọ̀wọ̀ fún, kó bá wọn dá a sọ. Ẹni tí kò lówó lè ní ọwọ́: kó pọn omi, kó lọ ata, kó mójú tó ọmọ. Ṣùgbọ́n kí onílé má sọ àbúrò ìyàwó tó wá kí i di ọmọ ọ̀dọ̀. Kí ẹ̀yin ọkùnrin sì rántí pé ìyàwó ilé ló ń ru ẹrù àlejò jù, ì báà jẹ́ ìbátan ọkọ ni wọ́n.

Ní ti ẹgbẹ́, ohun kan là ń bẹ̀ yín fún. Bó bá jẹ́ owó oúnjẹ lẹ fẹ́ yá, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ìgbìmọ̀. Ẹ má pè é ní owó ọjà. Owó ọjà ń bímọ, owó oúnjẹ kì í bímọ. Bí a bá ti mọ̀, a ó jọ dá iye tí apá yín ká àti oṣù tí ẹ ó fi san án. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ọwọ́ mọ ohun tó ń gbé.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹbí wa tú, kò sì ní jẹ́ kí òwò wa run. Ó dìgbà kan ná.