Mọ́tò Tí Ó Dúró Kò Sinmi

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo bá wá lónìí. Kì í ṣe bí a ti í wà á ni n ó sọ, bí kò ṣe bí a ti í gbé e kalẹ̀.

Ká sọ pé ọmọ yín kan ń ṣiṣẹ́ lókè òkun. Ó ra mọ́tò kékeré kan, irú èyí tí a ṣe fún eré, tí ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀. Ó gbé e wá sílé ní Odígbó nínú oṣù Kejìlá, ó wà á kiri dé Orè àti Oǹdó. Nígbà tí ó fẹ́ padà, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ di Kérésìmesì." Bàbá fi ọ̀rá bo mọ́tò náà, ó sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó rò pé òun ti tọ́jú rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ bá padà dé, ó lè bá bátìrì tí ó ti kú, bíréékì tí ó ti gan, àti wáyà tí eku ti jẹ. Kì í ṣe pé bàbá kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni pé mọ́tò tí ó dúró kò sinmi. Bíbàjẹ́ ni ó ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbà òtútù ni àwọn tí ó ní irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ máa ń gbé e wọlé. Nígbà tí omi bá ń dì lójú títì, wọn a máa fọ́n iyọ̀ sí i kí ọkọ̀ má baà yọ̀, iyọ̀ yìí a sì máa jẹ irin abẹ́ mọ́tò. Lọ́dọ̀ tiwa ní Orè àti Odígbó, kò sí yìnyín lójú títì, kò sì sí iyọ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ igbó ni ilẹ̀ wa. Òjò a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹta, a sì máa rọ̀ títí di oṣù Kẹwàá tàbí Ìkọkànlá, àfi ìgbà díẹ̀ tí ó máa ń dáwọ́ dúró nínú oṣù Kẹjọ. Ọ̀rinrin ni ọ̀tá tiwa.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ dán èyí wò. Ẹ wá ìṣó tuntun mẹ́ta. Ẹ fi ọ̀kan sínú ife gbígbẹ. Ẹ fi èkejì sínú ife tí omi inú rẹ̀ kò bo ìṣó náà tán. Ẹ fi ọ́ìlì mọ́tò pa ẹ̀kẹta lára dáadáa, kí ẹ sì fi òun náà sínú omi bákan náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ó rí i pé èyí tí a fi sómi láìfi ọ́ìlì pa ni ó dípẹtà jù. Irin, omi àti afẹ́fẹ́: níbi tí àwọn mẹ́ta yìí bá ti pàdé, ìpẹtà dé nìyẹn. Kò sì dìgbà tí òjò bá rọ lé mọ́tò lórí. Ẹ kò ha rí bí ìgò omi tútù ti máa ń làágùn? Bẹ́ẹ̀ ni irin tí ó tutù lóru máa ń làágùn nígbà tí afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin bá kàn án.

Kí ni kí a ṣe nígbà náà? Bí ẹnì kan bá wà nílé tí ó mọ mọ́tò wà, tí ìwé àṣẹ rẹ̀ àti ti mọ́tò sì pé, kí ó máa wà á fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Èyí ni ó dára jù. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a gbé e kalẹ̀ bí ó ti yẹ.

Èkíní, ẹ fọ ẹrẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kúrò, nítorí ẹrẹ̀ a máa gba omi dúró. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ sì gbé e sábẹ́ òrùlé, lórí sìmẹ́ńtì tàbí pákó, kì í ṣe lórí koríko. Aṣọ òwú ni kí ẹ fi bò ó. Ọ̀rá a máa sé ọ̀rinrin mọ́ abẹ́ rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí adìyẹ sùn lé e, nítorí ìgbẹ́ adìyẹ a máa ba ọ̀dà rẹ̀ jẹ́.

Èkejì, ẹ gbá inú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ẹ̀rúnrún búrẹ́dì kan tó láti pe eku, ejò a sì máa tẹ̀lé eku. Ẹ má ṣe kó àpò gààrí tàbí àpò èkùrọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ fi àkísà dí ẹnu ọ̀pá èéfín, kí ẹ sì so aṣọ pupa mọ́ ìtọ́kọ̀ rẹ̀, kí ẹni tí yóò tún un tan lè rántí yọ àkísà náà.

Ẹ̀kẹta, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ kí ẹ tó gbé e kalẹ̀, nítorí omi àti oró máa ń wà nínú ọ́ìlì tí a ti lò. Ẹ rọ bẹntiróò kún táǹkì, kí àyè má baà ṣẹ́ kù fún afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò pamọ́ sínú ilé. Iná ni ẹ fi pamọ́ yẹn.

Ẹ̀kẹrin ni bátìrì. Aago mọ́tò àti agogo tí ń lé olè a máa fa iná rẹ̀ bí ó tilẹ̀ dúró. Ẹ kọ́kọ́ tú wáyà tí ó wà ní orí tí ó ní àmì ìyọkúrò (−), lẹ́yìn náà kí ẹ tú ti àmì àròpọ̀ (+). Bí ẹ bá fẹ́ dá a padà, ti àròpọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ so. Ìdí rẹ̀ ni pé bí sípánà tí ó wà lára àmì àròpọ̀ bá kan ara mọ́tò nígbà tí ìkejì ṣì wà ní síso, iná yóò ṣẹ́ yọ. Bátìrì tí iná kún inú rẹ̀ a máa fi nǹkan bí 12.6 hàn lórí mítà fóltì. Bí ó bá ti wálẹ̀ sí 12.4, ẹ jẹ́ kí a ṣáájì rẹ̀.

Ìkarùn-ún, ẹ fẹ́ táyà rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì máa ti mọ́tò náà díẹ̀ lóṣooṣù, kí ojú kan má baà tẹ́ pẹrẹsẹ lára táyà. Ẹ má ṣe fa bíréékì ọwọ́, nítorí ó lè lẹ̀ mọ́ ibi tí ó ti dì í mú. Ẹ fi igi dí táyà níwájú àti lẹ́yìn.

Àṣà kan wà tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀: kí a máa rán ọmọ pé kí ó lọ gbóná mọ́tò fún ìṣẹ́jú márùn-ún láràárọ̀. Bẹntiróò tí ó bá jó a máa di omi pẹ̀lú èéfín. Bí ẹ́ńjìnì kò bá gbóná dáadáa, omi náà yóò dúró sínú ọ́ìlì àti ọ̀pá èéfín. Iná tí a fi tan mọ́tò sì lè ju èyí tí ìṣẹ́jú márùn-ún yóò dá padà fún bátìrì lọ. Èyí tí ó burú jù ni ti èéfín náà. Afẹ́fẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. A kò lè fojú rí i, kò sì ní òórùn. Bí mọ́tò bá ń ṣiṣẹ́ nínú ilé tí a tì, ó lè pa ẹni tí ó wà níbẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun.

Ẹ̀yin òbí, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́tò náà pa, kí ẹ sì gbé kọ́kọ́rọ́ síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Ọmọ tí ó bá wọnú mọ́tò lọ ṣeré nínú oòrùn, tí kò sì mọ bí a ti í ṣí i, wà nínú ewu ńlá. Ooru inú mọ́tò a máa pọ̀ kíákíá ju ti ìta lọ, ó sì ti pa ọmọ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Nígbà tí ọmọ bá dé, kí ó má ṣe fi ìdùnnú tan mọ́tò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ó yọ àkísà, kí ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wá ilé eku, kí ó wo ọ́ìlì, omi àti táyà. Lẹ́yìn náà kí ó wà á jẹ́jẹ́ nínú àgbàlá, kí ó tẹ bíréékì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Títì tí ó gba Orè kọjá láti Èkó sí Bìní kì í ṣe ibi tí a ti í dán bíréékì wò, nítorí àwọn tírélà tí ń bọ̀ lẹ́yìn kò mọ̀ pé mọ́tò rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun ni.

Bí bàbá bá ti ṣe gbogbo èyí, ọmọ yóò bá mọ́tò rẹ̀ bí ó ti fi í sílẹ̀.