Ohun tí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣówùnmí nípa ojú ọjọ́ wa

Bí ẹnì kan bá ń sọ ní Yemetu pé yìnyín ilẹ̀ òkèèrè ń yọ́, wọ́n lè bi í pé kí ló kan ará Ìbàdàn níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé inú fìríìjì la ti ń rí omi dídì. Ìdáhùn wà nínú iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Margaret Adébísí Ṣówùnmí fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Ìmọ̀ nípa lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó ni obìnrin onímọ̀ yìí, tí wọ́n bí lọ́dún 1939, yàn láàyò. Òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ náà ní Nàìjíríà. Afẹ́fẹ́ àti omi a máa gbé lẹ́búlẹ́bú yìí lọ sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi. Èèpo rẹ̀ le débi pé kì í jẹrà níbẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ti igi kọ̀ọ̀kan sì ní ìrísí tirẹ̀. Ẹrẹ̀ tó bá wà nísàlẹ̀ jù ló pẹ́ jù. Máíkírósíkóòpù ni wọ́n fi ń wò ó, kí wọ́n lè mọ irú igi tó hù nígbà kọ̀ọ̀kan.

Ẹrẹ̀ agbègbè Niger Delta ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣówùnmí yẹ̀ wò, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1981. Ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí yìnyín bo apá àríwá Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, omi òkun rẹlẹ̀ ju tòní lọ ní nǹkan bí 120 mítà. Òjò dínkù nílẹ̀ wa, igbó kìjikìji dínkù, koríko ọ̀dàn sì gbilẹ̀. Nígbà tí yìnyín yọ́, òjò padà, igbó náà sì padà. Ní nǹkan bí 2,800 ọdún sẹ́yìn, lẹ́búlẹ́bú ọ̀pẹ pọ̀ sí i gan-an. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà rí ọwọ́ àgbẹ̀ nínú èyí: àwọn èèyàn ti ń ṣán igbó, wọ́n sì ń dá ọ̀pẹ sí.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni àyípadà àtijọ́ gbà. Èéfín epo àti èédú tí à ń jó lónìí ń mú ayé gbóná láàárín ọdún díẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá gbóná a máa gba omi sí i, òjò rẹ̀ a sì le. Ará Ìbàdàn tó rántí omíyalé ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún, àti ti ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, mọ ohun tí irú òjò bẹ́ẹ̀ lè ṣe. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká dá igi sí, ká sì yé da ilẹ̀ sódò.