Ìtanràn Ojú Pópó ní Pobè àti Sakété: Bí A Ṣe Ń Wá A àti Bí A Ṣe Ń Parí Rẹ̀

Ẹ̀ka Plateau ni Pobè àti Sakété wà, ní gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Benin, lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà. Pobè ni olú-ìlú ẹ̀ka náà. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2013, 123,677 ènìyàn ló wà ní kọ́múùnù Pobè, 114,088 sì wà ní ti Sakété. Ọ̀nà tó ti Porto-Novo wá gba Sakété kọjá, ó dé Pobè, ó sì forí lé Kétou. Ẹni tó bá sì yà sí apá Ifangni yóò dé Igolo, níbi tí Idiroko ti Nàìjíríà ti kàn án. Takisí, ọkọ̀ akẹ́rù, zemidjan (ọ̀kadà) àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n jọ ń pín ọ̀nà yìí lò, àwọn ọlọ́pàá sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹni tí wọ́n bá dá dúró tí wọ́n sì kọ ìwé ìtanràn fún gbọ́dọ̀ mọ ohun mẹ́ta: ta ló kọ ọ́, kí ni wọ́n kọ, níbo ni yóò ti parí.

Ta ló kọ ọ́?

Kí ọdún 2018 tó dé, ọ̀tọ̀ ni police, ọ̀tọ̀ ni gendarmerie. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2018, ìjọba ti pa méjèèjì pọ̀ di Police républicaine. Nítorí náà, yálà àárín ìlú Sakété ni wọ́n ti dá ọ dúró tàbí lójú ọ̀nà oko Issaba, iléeṣẹ́ kan náà ni. Àmọ́ commissariat (àgọ́ ọlọ́pàá) kò ṣọ̀kan, ó dá lórí arrondissement tí wọ́n ti dá ọ dúró. Arrondissement márùn-ún ló wà ní kọ́múùnù Pobè: Pobè, Ahoyéyé, Igana, Issaba àti Towé. Mẹ́fà ló wà ní Sakété: Sakété I, Sakété II, Aguidi, Ita-Djèbou, Takon àti Yoko. Ẹni tí wọ́n kọ ìwé fún ní Takon tó wá ń wá permis (ìwé àṣẹ ìwakọ̀) rẹ̀ ní Pobè ń rin ìrìn òfo ni.

Iléeṣẹ́ méjì mìíràn tún wà tí ọ̀rọ̀ ìwé ọkọ̀ máa ń gbéni dé ọ̀dọ̀ wọn. CNSR, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1987, ló ń rí sí ààbò ojú pópó àti àyẹ̀wò ọkọ̀. ANaTT ló ń fúnni ní permis àti carte grise (ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀). Wọn kì í gba owó ìtanràn ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìwé tó ti kú ló fa ìtanràn, ọ̀dọ̀ wọn ni a ti ń sọ ọ́ di ààyè.

Kí ni wọ́n máa ń bèèrè?

– Permis: ìwé àṣẹ ìwakọ̀, irú èyí tó bá ọkọ̀ náà mu.
– Carte grise: kí nọ́ńbà inú rẹ̀ bá ti ara ọkọ̀ dọ́gba.
– Assurance (ìwé adójútòfò): ẹ wo ọjọ́ tó máa parí.
– Visite technique: àyẹ̀wò ọkọ̀.
– Akoto fún ẹni tó gun alùpùpù, bẹ́líìtì fún ẹni tó jókòó sínú mọ́tò.

Ní ti eré sísá, 50 km/h ni òpin rẹ̀ láàárín ìlú. Awakọ̀ tó ti sáré bọ̀ láti ọ̀nà gbalasa tí kò dẹsẹ̀ nígbà tó rí pátákó orúkọ Pobè ti wọ inú ìtanràn láìmọ̀.

Bí a ṣe ń ka ìwé náà

Ìwé kékeré ni, òǹkọ̀wé rẹ̀ sì máa ń kánjú. Kí o tó kúrò níbẹ̀, kà á lójú ẹni tó kọ ọ́. Wo ọjọ́ àti wákàtí. Wo ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Wo orúkọ rẹ àti nọ́ńbà ọkọ̀, lẹ́tà lẹ́tà. Wo ẹ̀sùn tí wọ́n kọ. Wo iye owó. Wo orúkọ tàbí nọ́ńbà ọlọ́pàá náà àti iléeṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá gba permis tàbí carte grise lọ́wọ́ rẹ, rí i pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé yẹn. Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀ nínú nọ́ńbà ọkọ̀, sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kí wọ́n tún un ṣe. Àtúnṣe ojú ọ̀nà kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ti ọ́fíìsì lè gba odidi àárọ̀.

Fi fóònù ya àwòrán iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Bébà máa ń tutù, ó máa ń ya, ó sì máa ń bọ́ lápò.

Bí a ṣe ń parí rẹ̀

1. Lọ sí commissariat tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé náà, kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó kọjá.
2. Mú ìwé ìdánimọ̀ rẹ àti àwọn ìwé ọkọ̀ dání. Bó bá jẹ́ pé ìwé tó wà nílé ni o kò mú dání lọ́jọ́ náà, mú un lọ fi hàn.
3. San iye tí wọ́n kọ, níbi tí wọ́n ní kí o san án sí, kí o sì gba quittance (ìwé ẹ̀rí owó sísan). Owó ìjọba tí kò ní quittance kò yàtọ̀ sí owó tó sọnù.
4. Fi quittance gba ìwé rẹ tàbí ọkọ̀ rẹ padà. Yẹ ọkọ̀ wò yíká kí o tó wà á jáde.
5. Tọ́jú quittance náà sínú ọkọ̀.

Kékeré la ti í pẹ̀kan ìrókò. Ìtanràn tí a pa tì lè di ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́.

Bí o kò bá gbà pé o jẹ̀bi

Má ṣe jà lójú ọ̀nà. Lọ rí ọ̀gá commissariat, kí o sọ tẹnu rẹ, kí o sì fi ẹ̀rí hàn. Bí kò bá yanjú, ilé ẹjọ́ (tribunal) wà ní Pobè fúnra rẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn Benin, nọ́ńbà 2018-16 ti ọjọ́ 28 oṣù kejìlá ọdún 2018, pín ẹ̀ṣẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta: contravention, délit àti crime. Contravention ni èyí tó kéré jù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìtanràn ojú pópó wà. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ṣe ènìyàn léṣe tàbí bó bá pa á, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìtanràn nìkan. Má sá, pe àwọn panápaná ní 118, kí o sì wá agbẹjọ́rò.

Bó bá ṣẹlẹ̀ lódì kejì ààlà

Bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Kó tó di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, ọwọ́ òsì ni Nàìjíríà ń gbà wakọ̀, ti Dahomey (orúkọ Benin nígbà náà) sì jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún. Awakọ̀ tó bá kọjá ààlà ní láti pààrọ̀ ọwọ́. Ọwọ́ ti dọ́gba báyìí, òfin kò dọ́gba.

Ní ìhà Idiroko, FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó Nàìjíríà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, ni ẹ óò bá pàdé. Báńkì ni a ti ń san owó ìtanràn wọn, kì í ṣe ọwọ́ òṣìṣẹ́. Nínú ètò ìtanràn wọn tí àwọn awakọ̀ mọ̀, náírà 2,000 ni ti bẹ́líìtì, 3,000 ni ti eré àsápajúdé, 4,000 ni ti fóònù lẹ́nu ìwakọ̀, 10,000 sì ni ti permis. Nọ́ńbà wọn fún pàjáwìrì ni 122. Assurance ilé nìkan kò tó fún ìrìn-àjò yìí: ẹ gba carte brune, ìwé adójútòfò ti CEDEAO (ECOWAS), èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní Cotonou ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1982.

Níbi tí kámẹ́rà ti ń kọ ìwé

Ní Èkó, a lè fi nọ́ńbà ọkọ̀ wá ìtanràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní Abidjan, kámẹ́rà ti ń mú awakọ̀ láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021. Ní London, káńsù máa ń fi ìwé ránṣẹ́ sílé. Ẹni tó bá tètè san ti ibi ìgbọ́kọ̀sí láàárín ọjọ́ 14, ìdajì ni yóò san. Ẹ̀yin tí ẹ ra ọkọ̀ àlòkù, ẹ rí i pé carte grise ti kúrò lórúkọ ẹni tó tà á. Orúkọ tó wà nínú ìwé ni kámẹ́rà mọ̀, kò mọ ẹni tó di ọwọ́ ọkọ̀ mú.

Ní Pobè àti Sakété, ẹ má ṣe fi ojú ọ̀nà sílẹ̀ láìgba ìwé, ẹ má sì ṣe fi ọ́fíìsì sílẹ̀ láìgba quittance.