Àwọsánmà Òkè Réré Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Bí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ ńlẹ̀ ní Àdó-Àwáyè, ìlú kékeré tó wà nídìí òkè ní agbègbè Ìsẹ́yìn, ooru á gorí àlééfà. Láti Èrèlé dé Ẹrẹ́nà, ooru ọ̀sán lè dé 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpáta á gbóná débi pé ẹsẹ̀ lásán kò ní lè dúró lórí rẹ̀. Inú ẹni tó sá gbodo ń dùn sí i, nítorí oòrùn yìí ló ń sọ ọ́ di ohun tí a ó lọ̀ fún èlùbọ́. Òjò nìkan ló ń bà á lẹ́rù: gbodo tí òjò bá pa, bíbu ló máa bu.

Ní àkókò ọyẹ́, eruku láti aṣálẹ̀ ló máa ń bo ojú ọ̀run. Bí eruku yìí bá ti lọ, àwọn àwọsánmà tó ga jù lọ á wá yọjú. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n.

Èkíní ni cirrus, orúkọ tí Luke Howard, apoògùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, fún un lọ́dún 1802. Ó funfun, ó ṣe fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì gùn, bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n tí atẹ́gùn wá ń fà lọ. Ìrù rẹ̀ tó máa ń tẹ̀ wá sísàlẹ̀, yìnyín wínníwínní tó ń já bọ̀ ni. Kì í dé ilẹ̀: afẹ́fẹ́ gbígbẹ ti fà á mu tán lókè lọ́hùn-ún.

Èkejì ni cirrocumulus, hóró kéékèèké tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Kò wọ́pọ̀, kì í sì í pẹ́ lójú ọ̀run. Na apá rẹ sókè: bí ìka rẹ tó kéré jù bá bo hóró kan mọ́lẹ̀, tí hóró náà kò sì ní òjìji kankan lábẹ́, òun nìyẹn. Bí hóró bá tóbi ju ìka lọ, tí abẹ́ rẹ̀ sì ṣú díẹ̀, àwọsánmà àárín ni, kò ga tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni cirrostratus, tó máa ń tẹ́ bo gbogbo ojú ọ̀run láìjẹ́ kí oòrùn ṣókùnkùn. Ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ àfi bí wọ́n bá rí òrùka ìmọ́lẹ̀ tó yí òṣùpá ká. Yìnyín onígun mẹ́fà inú rẹ̀ ló ń tẹ ìmọ́lẹ̀ wọ́. Na apá rẹ, la àwọn ìka, fi àtàǹpàkò bo òṣùpá: ibi tí ìka tó kéré jù dé, níbẹ̀ ni òrùka náà máa wà. Ó ń yí oòrùn náà ká, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni má ṣe tẹjú mọ́ oòrùn nítorí rẹ̀.

Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, kìlómítà 6 sí 18 ni àwọsánmà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí fi ga. Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ ẹ́ fò láì fara kanra, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ẹyẹ ló lè dé ibẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1973, igún kan dé ibẹ̀ lókè Abidjan, ní ohun tó lé ní kìlómítà 11. Nínú gbogbo àyè tó wà lókè yẹn, òun àti ọkọ̀ òfuurufú kan ṣì fara kanra. Ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ láyọ̀. Ìyẹ́ igún ni wọ́n fi mọ irú ẹyẹ tó jẹ́.

Àwọn ará Yúróòpù gbà pé òrùka òṣùpá ń kéde òjò. Wọn kò purọ́. Lọ́dọ̀ wọn, òjò tó gba ilẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ máa ń rán cirrus ṣáájú, cirrostratus á tẹ̀ lé e, òjò á sì dé lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Ní Òkè-Ògùn, agbègbè tiwa níbí, òjò kì í rìn báyẹn. Púpọ̀ nínú cirrus tí a ń rí jẹ́ ìyókù orí òjò àrá tó ti rọ̀ síbòmíràn, tí afẹ́fẹ́ òkè wá gbé dé ọ̀dọ̀ wa. Ìròyìn òjò ẹlòmíràn ni.

Òjò àkọ́rọ̀ tiwa, láti ìlà-oòrùn ló sábà máa ń wá, ní Ẹrẹ́nà tàbí Igbe. Àwọsánmà rẹ̀ máa ń ṣú dẹ̀dẹ̀ láti ìsàlẹ̀, orí rẹ̀ á sì ga dé ibùdó cirrus, níbi tó ti máa tẹ́ gbẹrẹgẹdẹ. Kí òjò tó dé, ìjì eruku á jà, afẹ́fẹ́ á sì tutù lójijì. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Àwọsánmà òkè réré dára fún ìran wíwò, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ ọjọ́ òjò ní Àdó-Àwáyè, ìlà-oòrùn ni kó kọjú sí.