Bí Ọ̀dọ́ Agbẹjọ́rò Ṣe Ń Kọ́ṣẹ́ ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin

Ìbéèrè: Ṣe àlàyé bí a ṣe ń kọ́ iṣẹ́ kan tí ó ń ṣe ìlú ní àǹfààní.

Ìtọ́sọ́nà: Àròkọ alálàyé ni èyí. Má ṣe sọ ọ́ di ìtàn, má sì ṣe sọ ọ́ di àríyànjiyàn. Sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́, bí a ṣe ń wọ inú rẹ̀, ohun tí a ń kọ́ níbẹ̀, àti ìdí tí ó fi ṣe pàtàkì. Fi àpẹẹrẹ gbe ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́sẹ̀.

Bí a bá dárúkọ agbẹjọ́rò, ohun tí ó máa ń wá sí ènìyàn lọ́kàn ni ilé-ẹjọ́, adájọ́ àti ẹ̀wù dúdú. Ṣùgbọ́n àwọn agbẹjọ́rò kan wà tí kì í sábà dé ilé-ẹjọ́. Ọ́fíìsì òfin ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ni iṣẹ́ tiwọn wà. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Agodi ní Ìbàdàn ni ilé yìí wà. Aṣòfin 32 ni ó ń jókòó níbẹ̀, àwọn tí ará Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà dìbò yàn sì wà lára wọn. Àwọn aṣòfin ni wọ́n ń sọ ohun tí ìlú ń fẹ́. Agbẹjọ́rò ni ó ń bá wọn wá ọ̀rọ̀ tí a ó fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí ènìyàn tó lè ṣe iṣẹ́ yìí, ó ní láti kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní yunifásítì, kí ó sì kọjá ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Àwọn Amòfin ti Nàìjíríà, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1962. Kí ó tó di ìgbà náà, òkè òkun ni àwọn ọmọ wa ń lọ. Ibẹ̀ ni Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ti di agbẹjọ́rò ní ọdún 1879. Síbẹ̀, ìwé ẹ̀rí nìkan kò tó. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ìwé ẹ̀rí ni aṣọ. Inú ọ́fíìsì, lábẹ́ bíró pupa ọ̀gá, ni a ti ń ní àkísà.

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní ni láti mọ ààlà. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 kò fún ìpínlẹ̀ láṣẹ láti ṣe òfin lórí iṣẹ́ ológun tàbí owó títẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni aṣòfin kò gbọdọ̀ ṣe òfin ọ̀ràn lónìí kí ó fi mú ẹni tí ó ṣe nǹkan náà lánàá. Bí àbá òfin kan bá ti kọjá ààlà yìí, ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ rí i.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ọ̀nà tí àbá òfin ń gbà di òfin. Kíkà àkọ́kọ́ ni a fi ń kéde rẹ̀. Ní kíkà kejì, a ń jíròrò lórí ète rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ìgbìmọ̀ yóò yẹ̀ ẹ́ wò ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí ó tó di kíkà kẹta. Nígbà náà ni yóò lọ sọ́dọ̀ gómìnà, tí ó ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti fọwọ́ sí i tàbí kí ó kọ̀. Bí ó bá kọ̀, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin tún fọwọ́ sí i, ó di òfin láìsí ọwọ́ gómìnà. Ènìyàn 22 nínú 32 nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni ó le jù: wíwọn ọ̀rọ̀. Ká ní àbá òfin kan wà lórí owó ọjà, tí ó ní: “Ẹni tí ó bá gbé irè oko wọ ọjà gbọ́dọ̀ san owó.” Ó dà bí ẹni pé kò ní àléébù. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan láti abúlé lẹ́bàá Àkànràn ru gàárì lọ fún ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó gba inú ọjà kọjá, nítorí ibẹ̀ ni mọ́tò wà. Kò tà, kò rà, síbẹ̀ “wọ” ti sọ ọ́ di onígbèsè. Bí a bá kọ “tà ní ọjà,” ó bọ́. Bákan náà, bí òfin bá ní ìjọba ìbílẹ̀ “lè” dá owó tí a gbà láìtọ́ padà, ojú àánú ni ìyá náà yóò máa wò. Bí ó bá ní ìjọba ìbílẹ̀ “gbọ́dọ̀” dá a padà, ó ti di ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́, fífọ́ ni í fọ́. Ti inú òfin tilẹ̀ le jù, nítorí adájọ́ ni yóò máa lò ó.

Ẹ̀kọ́ kẹrin ni gbígbọ́ tẹnu ará ìlú ní ìpàdé ìta gbangba. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ òfin, ṣùgbọ́n òfin ìpìlẹ̀ gba Ilé láyè láti fi èdè ìpínlẹ̀ kún un nínú iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, agbẹjọ́rò tí ó gbọ́n yóò gbìyànjú láti sọ àbá òfin náà ní Yorùbá tí àgbẹ̀ yóò gbọ́. Ibi tí ahọ́n rẹ̀ bá ti kọ́lẹ̀, ibẹ̀ ni kò tíì yé òun fúnra rẹ̀.

Ìtàn àdúgbò wa fi hàn pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966 tí àwọn ológun ti gba ìjọba, kò sí aṣòfin tí àgbẹ̀ lè rán níṣẹ́. Ní ọdún 1968 sí 1969, nígbà tí owó orí wọ àwọn àgbẹ̀ lọ́rùn, Àgbẹ̀kọ̀yà dìde ní àwọn abúlé Ìbàdàn. Ẹ̀mí ṣòfò, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1969, àwọn àgbẹ̀ ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n sì tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, ìjọba dín owó orí náà kù. Ohun tí à bá fi ẹnu sọ ni a fi ẹ̀jẹ̀ sọ.

Ní ìparí, ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin kì í gba ẹjọ́ ẹnì kan rò. Àwọn tí kò ní rí i láéláé ni ó ń ṣiṣẹ́ fún. Bí ó bá kọ́ṣẹ́ yìí dáadáa, ìyá oní-gàárì yóò gba inú ọjà kọjá ní àlàáfíà, kò sì ní mọ̀ pé ẹnì kan jókòó ní Agodi tí ó ro tòun.