Inú Abọ́ Aláboyún Ni Ọmọ Ti Ń Jẹun

Káàdì ìwọ̀n tí àwọn abiyamọ ń mú lọ sí ilé ìwòsàn ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lónìí, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló ti wá. Dókítà David Morley, tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ló ṣe é, láti ara iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé ní nǹkan bí ọdún 1957, níbi tí wọ́n ti ń wọn àwọn ọmọ ìlú náà láti ìgbà ìbí. Bí àmì orí káàdì bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà nìyẹn; bó bá dúró sójú kan, kí wọ́n tètè wá ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ ọjọ́ ìbí ni àmì àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ ti fi oṣù mẹ́sàn-án dàgbà ṣáájú. Lójú tèmi, púpọ̀ nínú ohun tí a ń wá lára ọmọ tí kò dàgbà bó ṣe yẹ, inú abọ́ ìyá rẹ̀ ló yẹ ká ti kọ́kọ́ wá a.

Ẹni tó bá ń jiyàn, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Netherlands nígbà òtútù ọdún 1944 sí 1945, tí àwọn ọmọ ogun Jámánì dínà oúnjẹ mọ́ àwọn ará ìlú. Àwọn ọmọ tí ebi bá ìyá wọn ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn oyún fúyẹ́ nígbà ìbí. Àwọn tí ebi náà bá ìyá wọn níbẹ̀rẹ̀ oyún kò fúyẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dàgbà, àìsàn ọkàn bá wọn jà ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi bí ọmọ ṣe tóbi nìkan díwọ̀n ìlera rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ oyún gan-an ló ṣe kókó: láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí oyún bá dúró ni ohun tí yóò di ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ń pa ara pọ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi fẹ́ kí obìnrin ti máa lo fítámì folic acid, tó ń ran iṣẹ́ yìí lọ́wọ́, kí oyún tó dé.

Àwọn kan á ní, àwọn ìyá wa àgbà kò jẹ ẹyin, wọn kò jẹ igbín nígbà oyún, wọ́n sì bímọ. Wọ́n bímọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ àbíkú bíi Málọmọ́ àti Kòsọ́kọ́ jẹ́rìí sí iye àwọn tí kò dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe oúnjẹ nìkan ló pa wọ́n. Wọ́n tún ní ọmọ aláboyún tó bá jẹ igbín yóò máa da itọ́; ọmọ tó ń hu eyín, ta ni kì í da itọ́ nínú wọn? Igbín yìí ní ohun tó ń fún ara lẹ́jẹ̀, aláboyún sì nílò ẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé bí ìyá bá jẹun dáadáa, ọmọ á tóbi jù, ìrọbí á le. Lára ohun tó ń mú ìrọbí le ni ìbàdí tóóró, obìnrin tí kò rí oúnjẹ tó jẹ nígbà èwe rẹ̀ ló sì sábà máa ń ní irú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ló ṣòro jù, n kò sì ní fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìlú bíi Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, iyán wà, tẹ̀tẹ̀ ń hù lẹ́yìnkùlé, ẹ̀wà sì wà lọ́jà. Ohun tó ń dunni ni pé nínú ìkòkò kan náà, baálé ilé ló ń gba ẹja tó tóbi, tí aláboyún yóò gba iyán ràbàtà àti omi ọbẹ̀. Òkèlè yóò mú un yó, ṣùgbọ́n inú òkèlè nìkan kọ́ ni ẹran ara ọmọ ti ń wá. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ìyá ọkọ, bí oyún bá ti wà nílé yín, aláboyún ni kí ẹ kọ́kọ́ bu ẹja fún.