Ṣé o mọ̀? Akíka ní afárá tirẹ̀ ní Singapore

Lọ́dún 1986, òpópónà márosẹ̀ kan gé igbó ọba Bukit Timah kúrò lára igbó ńlá tó wà láàárín erékùṣù Singapore. Ẹranko tó bá fẹ́ ré kọjá, ọkọ̀ lè tẹ̀ ẹ́ pa. Ewu ti akíka tún pọ̀: tí ẹ̀rù bá bà á, ńṣe ló máa ń ká jọ sójú kan dípò kó sá. Èyí lè dá ẹkùn dúró, kì í ṣe táyà.

Ní 2013, wọ́n parí afárá kan sórí òpópónà náà, mítà 62 ní gígùn. Ibi tó fún jù fẹ̀ tó mítà 50. Iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n dà sórí rẹ̀, wọ́n sì gbin igi ìbílẹ̀ sí i. Kámẹ́rà ti ká akíka àti ẹtà mọ́ ibẹ̀.